Ìtẹ̀ka Méjì Tí Bàbá Onígbá Tẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kọ́púrà ọlọ́pàá wá gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi sílẹ̀. Kò rí tábìlì, ó bá to àwọn ìwé ọkọ̀ tó dà wá nù sórí àyà mi bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà. Télọ̀ ni mí, ojú mi kì í kọjá lórí ohun tí wọ́n kọ láìkà á. Ìwé kan wà láàrin wọn tí kò gùn ju ínǹṣì mẹ́jọ lọ, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i nídìí. Mo bi í pé kí ni tiẹ̀.

"Ìnṣọ́ránsì ni," ó ní. "Ti ẹni kẹta."

"Ta ni ẹni kìíní?"

"Ẹni tó ni mọ́tò."

"Ẹni kejì ńkọ́?"

"Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì."

"Ta wá ni ẹni kẹta?"

Ó fi bírò rẹ̀ tọ́ka sí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tí wọ́n fi okùn gbé kọ́. "Ìwọ ni. Fọwọ́ síbí."

Nígbà tó yá ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wọ mọ́tò, n kò sì mọ̀ pé wọ́n ń tìtorí mi san owó kankan síbì kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé òfin ìjàǹbá ọkọ̀ kà bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń wá ìròyìn bọ́ọ̀lù kà. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ìwé kẹfà ni mo dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá sọ fún lónìí pé egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ ni mo ń kọ èyí sí, kí ilé rẹ̀ má baà ṣe ohun tí ilé wa ṣe.

Ọdún tí ariwo Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú nǹkan wọ́n, gba ìgboro ni. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo rán agbádá mẹ́ta fún oníṣòwò kan ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ láti lọ kó wọn fún un. Mo jókòó sí ìlà kejì, lẹ́bàá fèrèsé, lápá ọ̀tún. Ó kù bíi máìlì mẹ́rin ká wọ̀lú nígbà tí awakọ̀ wa fẹ́ ya lọ́rì tó kó igi ìdáná sílẹ̀ lórí kọ́nà. Ọkọ̀ mìíràn yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ṣẹ́ ọwọ́ padà, bọ́ọ̀sì wa bá fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ nínú kòtò. Èèyàn méjì kú nínú wa. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin tó ti bá mi gbé agbádá náà lẹ́sẹ̀ láti gáréèjì kí ó má baà rún.

Èmi kò kọ́kọ́ mọ ìrora. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé bàtà mi kọjú sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi sì wà nínú rẹ̀.

Ìlà mẹ́rin ni ìyàwó mi tò nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà: ti káàdì, ti owó, ti fọ́tò egungun, ti oògùn. Òwú àti báńdéèjì, àwa la rà á. Ìbọ̀wọ́ tí dókítà fi kàn mí pàápàá, àwa la rà á. Dókítà ní egungun ti ṣẹ́ níbi méjì nísàlẹ̀ orúnkún, pé wọn yóò fi ohun wíwúwo fà á títí yóò fi tò, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjìlá, bí kò bá sì tò dáadáa, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí nìkan ni ìyá mi gbọ́. Nígbà tí ó fi máa dé Ọ̀yọ́, ó ti di pé wọ́n fẹ́ gé e.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà. Igbá ni ó ń fín, Bàbá Onígbá sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n bí ó bá fọ̀bẹ fa ìlà yí igbá ká, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò parí sí, kò ní yẹ̀ níwọ̀n irun orí. Ọ̀bẹ náà ti gé e lọ́mọ ìka nígbà èwe, ojú àpá náà dábùú àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nísinsìnyí, nítorí pé àpá yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sẹ́ àwọn ìwé tó tẹ̀ka sí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìtẹ̀ka àkọ́kọ́. Bàbá awakọ̀ náà, àgbẹ̀ arúgbó kan, kó àgbààgbà mẹ́rin lẹ́yìn wá sílé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú iyanrìn, ó ní òun kò ní dìde. Ẹ mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ta ni yóò jẹ́ kí ẹni tó jù ú lọ sùn sílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, kó máa wò ó? Bàbá Onígbá gbé e dìde. Wọ́n jọ lọ sí tésàn, wọ́n yọ ìwé kan jáde, wọ́n fi àtàǹpàkò rẹ̀ kan yíǹkì. Ó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú iṣu mẹ́wàá tí wọ́n kó wá bẹ̀ wá, inú rẹ̀ dùn.

"Múfú, mo ti bá ọ parí ẹ̀. Ìjà ò sí mọ́."

"Bàbá, kí ló wà nínú ìwé náà?"

"Àlàáfíà ni."

"Ta ló kà á fún yín?"

"Àlàáfíà náà ni wọ́n tún ń kà? Bàbá arúgbó sùn sínú iyanrìn, o ní kí n máa ka ìwé lé e lórí."

Aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó fojú ara mi rí ìwé náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé èmi, Múfútáù, ti gba ìtọ́jú pé, mo ti gba ẹ̀tọ́ mi pé, n kò sì ní bi ẹni tó ni ọkọ̀, awakọ̀, tàbí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wọn ní ohunkóhun títí láé. Iṣu mẹ́wàá ni mo gbà.

Ìtẹ̀ka kejì tẹ̀lé e láàrin ọjọ́ márùn-ún. Ìyá mi ti ń sunkún kiri ilé, ó ní ọmọ òun kò ní di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Wọ́n ti gbọ́ nípa ọkùnrin kan tó ń to egungun ní abúlé kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Lálaalẹ́ ni mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni mo ń gbọ́ pé ó padà. Abẹ́rẹ́ apàrora ń yí mi lójú lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí wá gbé mi, àwọn nọ́ọ̀sì bá ní kí olórí ẹbí tẹ̀ka pé òun ló gbé mi lọ. Nọ́ọ̀sì kan tó dàgbà díẹ̀ jókòó ti Bàbá. Ó ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, ó tún un kà. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pé òun lòun kà á.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo kà?"

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ẹ ṣeun."

Ó tẹ̀ka.

Ọkùnrin tó ń to egungun náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mú adìẹ kan, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní ibi tí tèmi ti ṣẹ́, ó fi igi pẹlẹbẹ àti òwú di àwa méjèèjì. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni èmi náà yóò rìn. Wọ́n so adìẹ náà mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Bí mo bá jí, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Ẹ fetí sí èyí, nítorí pé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń lọ nìyí, kì í sì í pariwo. Lọ́jọ́ kẹrin, n kò mọ̀ bí ìyàwó mi bá fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kẹfà, àwọn ìka náà tutù bí omi àmù. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n dúdú bí ẹni ti ẹsẹ̀ bọ ìkòkò aró, òórùn sì bẹ̀rẹ̀. Òórùn náà ni ọkùnrin yẹn fi mọ̀. Ó pe Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ wọn.

"Bàbá, ẹ gbé e padà. Èyí ti kúrò lọ́wọ́ mi."

"Adìẹ ò tíì rìn."

"Adìẹ ò ní ibà, Bàbá."

"Ìwọ lo sọ pé ká wo adìẹ. A ó wo adìẹ."

Wọ́n dúró fún ọjọ́ méjì sí i. Lọ́jọ́ kẹwàá, adìẹ náà dìde, ó ń ta tiro lọ síbi tí wọ́n da ọkà bàbà sí. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn pé Bàbá ń dúpẹ́, ó ń sọ Alháńdùlíláì. Èmi kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo mọ ara mi, mo ti wà ní wọ́ọ̀dù tí mo ti kúrò, bẹ́ẹ̀dì kẹta sí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ní ínǹṣì márùn-ún lókè orúnkún. Èmi ni mo fi téèpù ìránṣọ mi wọ̀n ọ́n nígbà tí ojú egbò jinná. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá mo ṣì í. Máṣìnnì tí mo ní, ẹlẹ́sẹ̀ ni, ọ̀tún sì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìjọba ní owó kan fún irú wa. Mo fi igi méjì ti abíyá rìn dé ọ́fíìsì wẹ́fíà tí ìjọba fi ń ran aláìní lọ́wọ́. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gbé ìjókòó fún mi, ó sì sọ òótọ́ fún mi. Ó ní òfin kan wà fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó bi mí, "Ta ni ọ̀gá yín?" Mo ní èmi ni ọ̀gá ara mi. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Kò sí yín níbẹ̀." Ìgbà náà ni mo rántí ìwé ínǹṣì mẹ́jọ tó wà lórí àyà mi.

Mo ra ìwé òfin àlòkù ní ọjà, èèpo rẹ̀ ti já. Mo fi ìwé atúmọ̀ èdè kà á ní ojúewé ojúewé. Mo rí i pé owó ọkọ̀ tí mo san ni ó fi mí sínú ẹni kẹta, ẹni tí wọ́n gbé lọ́fẹ̀ẹ́ lè má sí níbẹ̀. Mo rí i pé ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ gba ìwé pé èèyàn fẹ́ pẹjọ́, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí láàrin ọjọ́ méje lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè yọwọ́. Mo sì rí èyí tó gbé mi dìde lórí àga: ìwé tí wọ́n bá bá aláìmọ̀wé kọ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ibi tó ń gbé, kó sì hàn pé wọ́n ti kà á fún un, wọ́n sì ti ṣàlàyé rẹ̀, kí ó tó tẹ̀ka. Mo wo ẹ̀dà ìwé àlàáfíà tí mo gbà ní tésàn. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àpá dídábùú yẹn nìkan ló wà nídìí rẹ̀.

Mo gbé e lọ bá lọ́yà ọ̀dọ́mọdé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kà á, ó wojú mi, ó ní, "Télọ̀, ta ló fi èyí hàn yín?" Mo ní mo kà á ni. Ó gba ẹjọ́ náà pé bí owó bá wọlé ni kí n tó san tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti rí ìwé ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé egungun tó ṣẹ́ ni mọ́tò ṣe, pé ẹbí mi ló gé ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kà á fún Bàbá ti kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Lọ́yà mi bi Bàbá lábẹ́ igi ní ẹ̀yìn kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ tí yóò jẹ́rìí pé ṣé ó dá a lójú pé obìnrin náà kà á, ṣé ó gbọ́ ọ yékéyéké, ṣé ariwo kò pọ̀ ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà. Ó bi í bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ohun tí lọ́yà ń wá. Èmi náà ń wá a. Mo ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí ẹni tó tọ́ mi dàgbà lọ purọ́ nítorí mi.

Wọ́n gbé Kùránì fún un, ó búra. Kóòtù kún. Agbẹjọ́rò náà na ìwé àkọ́kọ́ sí i, ògbifọ̀ sì ń túmọ̀.

"Bàbá, ṣé àtàǹpàkò yín nìyí?"

"Òun ni. Ẹ wo ibi tí ọ̀bẹ gé."

"Ta ló kà á fún yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó kà á. Wọ́n ní ìwé àlàáfíà ni. Èmi sì fẹ́ràn àlàáfíà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tí wọ́n ń rín. N kò tíì rí i kí ojú tì í láàrin èèyàn rí. Ó bo àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́.

"Èyí ńkọ́?" Ìwé ilé ìwòsàn ni.

"Èmi náà ni."

"Ta ló ka èyí fún yín?"

Lọ́yà mi kò gbójú sókè.

"Nọ́ọ̀sì kan ni," ni Bàbá wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní bí a bá gbé e lọ, ẹsẹ̀ náà lè bàjẹ́."

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ sì tẹ̀ka?"

"Mo tẹ̀ka."

Adájọ́ ju ìwé àlàáfíà nù pátápátá. Ibẹ̀ ni a ti borí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ìnṣọ́ránsì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí a jẹ́ kí a parí rẹ̀ níta. Lọ́yà mi ní kí n gbà, pé pẹ̀lú ohun tí Bàbá wí, ó lè máà ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá tún dúró ọdún mẹ́ta. Mo fọwọ́ sí i. Mo mọ ohun tí mo fọwọ́ sí, nítorí èmi fúnra mi ni mo kà á.

Mo mú lẹ́tà náà wálé. Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, igbá wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí n kà á fún òun, pé òun kò ní í tún jẹ́ kí ìwé kọjá lójú òun láìkà. Gẹ̀ẹ́sì ni, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà. Ojúewé méjì ni. Mo ka orúkọ, mo ka ọjọ́, mo ka iye tí wọ́n máa san, mo ka ibi tí mo ti máa gbà á. Ní ojúewé kejì, ìlà kan wà níbẹ̀ pé dókítà ti wò mí, pé àbùkù tó wà lára mi jẹ́ ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní ogún ni ti ìjàǹbá ọkọ̀, ìyẹn ni àwọn yóò sì san. Ogójì tó kù, ti àwọn ẹbí tó gbé mi kúrò nílé ìwòsàn ni.

Mo fo ìlà náà. Mo ka èyí tó tẹ̀lé e.

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán, Bàbá."

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó fín igbá náà díẹ̀. "Ìwọ tó máa ń ka nǹkan bí ẹni ń ṣà ẹ̀wà," ó ní, "o sáré ka ojúewé kejì."

N kò padà ka ìlà náà. Òun náà kò sì bi mí mọ́ títí ó fi kú, ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ tó kọjá yìí tó wọlé. Bí ó bá ṣì wà láyé, n kò ní í kọ èyí.

Bí mo ṣe wà nísinsìnyí nìyí. Owó náà ra ẹsẹ̀ igi àti máṣìnnì alọ́wọ́, ó sì san gbèsè ilé ìwòsàn. Agbádá kan ni mo ń rán níbi tí mo ti ń rán mẹ́ta. Irínwó ó lé méjìlá ni ìṣísẹ̀ mi láti ṣọ́ọ̀bù dé mọ́ṣáláṣí, n kì í sì í sinmi lọ́nà mọ́. Ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ṣì ń yún mi nígbà òtútù, ìyàwó mi a sì ní, "Níbo ni kí n bá ọ họ?" Ẹ̀rín la máa ń fi í rín.

Àwọn èèyàn ti mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń gbé ìwé wá kí n kà á fún wọn, n kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ìlà gbogbo ni mo ń kà, mo sì ń tún un kà. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé bàbá tó bá dọ̀bálẹ̀ dìde, kí wọ́n fún un lómi, kí wọ́n sì dárí jì í tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan yíǹkì lọ́jọ́ náà. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé aláìsàn kúrò lórí okùn tí wọ́n so ó mọ́. Títí di Jímọ̀ tó kọjá, èèyàn mọ́kànlá ló ti wá. Mẹ́jọ ti pẹjọ́, márùn-ún nínú wọn ti gba ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn mẹ́ta tí kò pẹjọ́, wọ́n ti tẹ̀ka kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì ti kà á fún wọn.